Ohun Tí Ọwọ́ Àdíját Gbọ́

Ó ti tó ọdún méjìdínlógún tí ìka ọwọ́ ọ̀tún Àdíját ti ń kọ̀wé láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá wà nínú kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Òkè-Fìà, ìka náà á máa rìn lórí itan rẹ̀, á máa kọ ìjà awakọ̀ àti èrò. Bí lèmọ́mù bá ń ṣe wáàsí, á máa kọ wáàsí. Ìyẹn kò bà á lẹ́rù. Ẹni tó bá ti fi ọgbọ̀n ọdún jẹun nídìí ṣọ́tìháńdì, ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi mọ́. Èyí tó ń bà á lẹ́rù ni ti orí ìrun. Bí ó bá jókòó ìgbẹ̀yìn, tí ó na ìka kan ṣoṣo síwájú láti jẹ́rìí pé Ọlọ́hun kan ni ń bẹ, ìka náà á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, á máa kọ ọ̀rọ̀ obìnrin kan tó ti kú. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kì í yẹ̀. Àdíját á sálámà, á ká ẹní rẹ̀, á wá jókòó sétí ibùsùn, á máa wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń wo àlejò tí kò mọ ọjọ́ tí yóò lọ.

Opó ni, ó dá nìkan ń gbé ní Dàda Estate, ní Òṣogbo. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni. Ilé aláró ni wọ́n ti bí i, láàárín ìlú, níbi tí ọwọ́ àwọn ìyá rẹ̀ ti máa ń dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Ìyá rẹ̀ ló fàáké kọ́rí pé ọwọ́ ọmọ tòun kò ní í dúdú, kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ ọ́fíìsì. Báyìí ni Àdíját ṣe bá ara rẹ̀ ní ọdún 1975 níwájú Tíṣà Amos, ará Iléṣà kan, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí kì í rẹ́rìn-ín, tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ṣọ́tìháńdì.

Ṣọ́tìháńdì kì í ṣe ìwé bí a ti mọ̀wé. Ìlà tín-ín-rín ni, ìlà tó nípọn, ìwọ́ kékeré, àmì tó dà bí ẹsẹ̀ kòkòrò. Ohun tí etí bá gbọ́ ni ọwọ́ ń kọ, bí ó ti jáde lẹ́nu gẹ́lẹ́. Òyìnbó ló ṣe é fún èdè tirẹ̀, ṣùgbọ́n Tíṣà Amos dá àmì kún un fún gb, fún ẹ, fún ọ, kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè máa fi kọ Yorùbá. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ni kò rí àmì fún. “Ẹ ó fi làákàyè mọ ìyẹn,” ló máa ń wí. Ó tún máa ń wí pé, “Ọwọ́ ni kó máa gbọ́. Bí orí bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́, ọwọ́ á ṣìnà.”

Àdíját gba ẹ̀kọ́ yìí ju gbogbo wọn lọ. Nígbà tí yóò fi di àgbà nídìí iṣẹ́ ìjọba, ó lè kọ ọ̀rọ̀ wákàtí kan láìmọ ohun tí wọ́n sọ. Bí wọ́n bá bi í léèrè, á ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ kà á.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2006, ilẹ̀ lanu lábẹ́ kíláàsì kan ní Odò-Ìrókò, abúlé kan tí kò jìnnà sí Iwaraja. Ọ̀sán gangan ni. Ògiri méjì ya wọ inú ihò náà, àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀. Mẹ́fà ni kò jáde láàyè. Ìjọba ìgbà náà gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde, gbọ̀ngàn kan ní Iléṣà ni wọ́n sì ti ń jókòó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àkọsílẹ̀ wọn, nítorí náà wọ́n mú ògbufọ̀ kan wá fún àwọn ará abúlé. Wọ́n mú Àdíját wá láti máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ. Kó tó mú pẹ́ńsù, wọ́n gbé Kùránì lé e lọ́wọ́, ó búra pé ohun tí òun bá gbọ́ níbẹ̀, òun yóò pa á mọ́.

Ẹlẹ́rìí kẹrìnlá ni Phebe. Àgbẹ̀ ni, obìnrin gíga tó wọ bàtà rọ́bà, tó sì fi gèlè dúdú wé orí. Òun ni ìyá Wúrà, ọmọ ọdún méje tí wọ́n yọ gbẹ̀yìn. Wọ́n ní kó sọ ohun tó mọ̀. Phebe la ẹnu, kò sì pa á dé fún ogún ìṣẹ́jú. Ìjẹ̀ṣà paraku ló ń sọ, ó ń pe ilé ní ulé, ó ń pe ilẹ̀ ní ulẹ̀, ẹkún ń já ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó ń so ó padà. Alága ń wo aago. Ògbufọ̀ kọ́kọ́ ń mi orí, nígbà tó yá kò mi orí mọ́. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ méjì ń sọ̀rọ̀ sí ara wọn létí. Nínú gbogbo gbọ̀ngàn náà, ọwọ́ Àdíját nìkan ni kò dúró, Phebe sì rí i. Ó yí ojú kúrò lára alága, ó kọjú sí ọwọ́ náà, òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ fún.

Nígbà tó parí, ògbufọ̀ dìde. Ó ní obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba fún ìwádìí yìí, ó sì fi ohun gbogbo lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ó jókòó. Alága ní kí wọ́n pe ẹlẹ́rìí tó kàn.

Bí Phebe ti ń jáde, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì Àdíját.

“Mà, ẹ kọ ọ́?”

“Mo kọ ọ́.”

“Gbogbo rẹ̀?”

“Gbogbo rẹ̀, mà.”

Phebe mi orí, ó sì lọ. Wọn kò rí ara wọn mọ́ láyé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí Àdíját fẹ́ tẹ àkọsílẹ̀, ó gbé páàdì rẹ̀ lọ bá akọ̀wé ìgbìmọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Jẹ̀lílì. Páàdì keje ni. “Sà,” ó wí, “ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn gba ojú ewé mọ́kànlá. Èyí tí ògbufọ̀ sọ kò tó ìlà méjì.”

Ọ̀gbẹ́ni Jẹ̀lílì kò bínú. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. “Àdíját, ohun tí ògbufọ̀ bá túmọ̀ ni ẹ̀rí. Ìyókù, ẹkún ni. A kì í tẹ ẹkún sínú ìwé.”

Ó tẹ ìlà náà. Ẹlẹ́rìí kẹrìnlá dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, rédíò kà á.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ parí iṣẹ́, wọ́n fi ìwé ìwádìí náà ránṣẹ́ sókè, ibẹ̀ ló sì kú sí. Kò sẹ́ni tó tún gbọ́ nípa rẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo akọ̀wé kó páàdì wọn wá kí wọ́n dáná sun ún. Àdíját kó mẹ́jọ wá nínú mẹ́sàn-án. Obìnrin tí kò mú pẹ́ńsù ìjọba kan lọ sílé rí, ó fi ìborùn wé páàdì keje, ó gbé e sí ìsàlẹ̀ àpótí tí aṣọ ọkọ rẹ̀ wà. Kò mọ ìdí tó fi ṣe é. Ó kàn mọ̀ pé òun ti sọ fún ẹnì kan pé òun kọ ọ́.

Ó máa ń yọ ọ́ wò. Ó lè kà á jáde lẹ́nu láti òkè dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni ń ka Lárúbáwá tí kò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ ni. Ìdajì á yé e, ìdajì á fò kọjá. Gbólóhùn kan wà tó ń padà wá lẹ́ẹ̀mẹ́rin, òun sì ni ìka rẹ̀ fẹ́ràn jù: ojú bàbá mi. Ojú bàbá mi méjì wà ní ulẹ̀. Ọ̀kan ti là. Ìkejì ṣì dijú. Àdíját á kà á pẹ̀lú ẹ̀rù. Bàbá wo ló wà nínú ilẹ̀ tó ń la ojú kan sí ènìyàn? Lẹ́yìn ìyẹn ni àmì mẹ́ta kan wà tó máa ń tù ú nínú. Ohun tó ń rí kà níbẹ̀ ni ìdí ọpẹ́ mẹ́ta. Á ní, ó dáa, obìnrin yìí ní ìdí mẹ́ta tó fi dúpẹ́. Ògbufọ̀ kò kúkú parọ́ tán. Orí ìyẹn ló fi ń sùn.

Ọdún 2024, lọ́jọ́ Àlàmísì kan, Kàósárà kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ẹni bí ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Kàósárà, ọmọ Òṣogbo, tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ jẹun. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí mélòó kan gba yàrá kan sókè ilé ìtajà ní Òkè-Fìà, níbi tí wọ́n ti ń kó ìwé ìjọba jọ, tí wọ́n ń gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni lè kà á. Ó kúnlẹ̀ kí Àdíját, ó jókòó, ó sì la ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìfepo bọyọ̀.

“Màmá, àwa tí a ń kọ ìlànà iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ohun tí a bá kọ. A máa ń tú u síta bí ẹ̀wà lórí àtẹ. Ẹni tó bá rí òkúta níbẹ̀, á ní òkúta rèé, á ṣà á, orúkọ rẹ̀ á sì wà níbẹ̀ pé òun ló ṣà á. Èyí tí a kọ lánàá kì í parẹ́, èyí tí a tún ṣe lónìí á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí ojú púpọ̀ bá rí, àṣìṣe rẹ̀ kì í pẹ́ níbẹ̀. A ní kí ìwé ìjọba náà máa rí bẹ́ẹ̀. Àwa kọ́ la ni ín nìkan, ìjọba kọ́ ló ni ín nìkan.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni Àdíját wí. Kò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Kàósárà ní ọdún mẹ́ta làwọn fi kọ lẹ́tà lábẹ́ òfin tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé, kí ìjọba tó yọ̀ǹda ẹ̀dà ìwé ìwádìí Odò-Ìrókò. Àwọn ti gbé e síta. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnì kan ti tọ́ka sí àṣìṣe kan lójú ewé kọkànlélọ́gọ́ta. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó na án sí Àdíját. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tí Àdíját fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀, ẹnì kan tó ń jẹ́ Cecilia ti kọ ọ́ pé: Ìyá mi kò dúpẹ́. Ẹ lọ bi obìnrin tó ń kọ̀wé.

“Ìyá náà ti kú. Orúkọ yín ló wà lẹ́yìn ìwé náà, Màmá.”

Àdíját gbé fóònù náà padà fún un. “Ó ti pẹ́ jù,” ó wí. “Mi ò rántí nǹkan kan.”

Kàósárà wò ó, ó wo ọwọ́ rẹ̀ lórí itan, bí ìka náà ti ń sáré. Kò jà á níyàn. Ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, ó dìde.

Láti ọjọ́ náà, nǹkan burú sí i. Ìka náà kò dúró de ìrun mọ́. Bí Àdíját bá mú ṣíbí, ṣíbí á máa kọ̀wé lórí ọbẹ̀. Bí ó bá ń fọ abọ́, yóò rí i pé òun ti kọ ojú bàbá mi sára ìkòkò pẹ̀lú ọṣẹ. Ó fi àkísà tẹ́ẹ́rẹ́ di ìka náà mọ́ èyí tó tẹ̀lé e, bí ẹni di egungun tó dá. Àwọn méjèèjì jùmọ̀ ń kọ ọ́. Lọ́jọ́ karùn-ún ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Mọ́ṣúdù, tó ń rán fìlà nílé bàbá wọn.

“Bọ̀ọ̀dá, mo búra,” ó wí, ó sì rò ó fún un.

Mọ́ṣúdù fi abẹ́rẹ́ há etí fìlà. “Kí gan-an ni wọ́n ní kí o búra?”

“Pé n ó pa ọ̀rọ̀ náà mọ́.”

“Pa á mọ́ ni wọ́n wí. Wọn kò wí pé kí o pa á. Ohun tí a bá pa mọ́, a máa ń rí i mú jáde bí olóhun bá dé. Ṣé olóhun ti dé?”

“Olóhun ti kú. Ọmọ rẹ̀ ló dé.”

“Kí lo wá ń bi mí sí?” Ó tún mú abẹ́rẹ́. “Bí ọkàn rẹ kò bá balẹ̀ nípa ìbúra, gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ìtánràn. Lẹ́yìn náà kí o gbé ẹrù ẹlẹ́rù fún un.”

Ó gba ààwẹ̀ náà. Lọ́jọ́ kẹrin ó pe Kàósárà, wọ́n sì wọ mọ́tò lọ sí Iléṣà, páàdì keje wà nínú ìborùn lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Aṣọ ilé ìwé ni Cecilia ń rán, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó wà níwájú ilé rẹ̀. Ó ga bí ìyá rẹ̀. Nígbà tí Àdíját rí i tó dìde láti ìdí máṣíìnì, ó gbá páàdì náà mọ́ àyà. Cecilia kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó fún un ní àga, kò sì fi pẹ̀lẹ́tù bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

“Mà, ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà náà. Ojú fèrèsé gbọ̀ngàn ni mo dúró sí. Mo mọ̀ pé Màámi sọ̀rọ̀ pẹ́, ṣùgbọ́n ẹkún kò jẹ́ kí n gbọ́. Lọ́jọ́ kejì ni rédíò ní ó dúpẹ́. Gbogbo Odò-Ìrókò ló gbọ́ ọ. Ìyá márùn-ún ni ọmọ wọn kú pẹ̀lú Wúrà. Wọn kò bá Màámi sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á dìde. Wọ́n ní ó gba nǹkan. Ó ń wí pé òun kò dúpẹ́, wọ́n ní ṣé rédíò ló ń parọ́? Ó wá ń wí pé obìnrin kan wà tó kọ ọ́, pé ó wà nínú ìwé. Ọdún mẹ́rin ló fi wí bẹ́ẹ̀ kó tó kú.”

Àdíját gbé páàdì náà lé itan. Ó tú ìborùn, ó ṣí páàdì, ó fi ìka sí àmì àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ohùn Òṣogbo. Ulé ni, ulẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ tó gùn tó sì já, níbi tí ẹkún ti gé e ní ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn. Kódà ibi tí Phebe ti mí, Àdíját fi àmì sí i, ó sì ń mí níbẹ̀. Kàósárà ń fi fóònù gba ohùn náà sílẹ̀. Cecilia ti di etí tábìlì máṣíìnì mú. “Màámi nìyẹn,” ó ń wí, kò pariwo, “Màámi nìyẹn. Ẹ má dúró.”

Nígbà tí Àdíját dé ibi tó máa ń bà á lẹ́rù, ó fẹ́ fò ó. Kò fò ó. Ojú bàbá mi méjì wà ní ulẹ̀.

“Kànga ni,” Cecilia wí lójijì. “Ojú omi ni. Bàbá Màámi ló gbẹ́ méjèèjì kí wọ́n tó gba ilẹ̀ náà fún ilé ìwé. Ojú Bàbá la máa ń pè wọ́n nílé wa. Wọ́n fi pákó bò wọ́n, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ lé e, èmi ò mọ ojú ibi tí wọ́n wà.” Ó wo páàdì náà. “Ó sọ fún wọn?”

Àdíját ń kà lọ. Phebe ní òun fi ẹsẹ̀ òun tẹ ibẹ̀ han àwọn tó wá wọn ilẹ̀, wọ́n fi òun rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ti là, ó ti gbé ọmọ òun mì. Ìkejì ṣì dijú. Àdíját dé ibi tó ti ń tù ú nínú láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, ó sì fi ìrọ̀rùn díẹ̀ kà á: “Ní ìdí ọpẹ́ mẹ́ta.”

“Kí lẹ wí?”

“Ìdí ọpẹ́ mẹ́ta. Ó ní ìdí mẹ́ta tí òun fi…”

“Rárá, mà.” Cecilia ti dìde dúró. “Ọpẹ́ kọ́. Ọ̀pẹ ni. Ìdí ọ̀pẹ mẹ́ta. Ọ̀pẹ mẹ́ta wà lẹ́yìn ilé ìwé yẹn nígbà tí mo wà lọ́mọdé.”

Àdíját wo àmì náà. Ìlà kan ṣoṣo, ìwọ́ kékeré lórí rẹ̀. Kò ní ohùn òkè, kò ní ohùn ìsàlẹ̀. Ó lè jẹ́ ọpẹ́, ó lè jẹ́ ọ̀pẹ, òun ló sì yan èyí tí yóò jẹ́ kí òun sùn. Ìyókù gbólóhùn náà tún ara rẹ̀ tò níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ìkejì ṣì dijú ní ìdí ọ̀pẹ mẹ́ta, ẹ bá mi kọ ọ́ pé ó ṣì ń bẹ níbẹ̀.

“Kí ló wà níbẹ̀ báyìí?” Kàósárà béèrè.

Cecilia ní wọ́n ti gé àwọn ọ̀pẹ náà lẹ́yìn ikú ìyá òun. Kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n kọ́ síbẹ̀.

Wọn kò jẹun ọ̀sán. Wọ́n gba ojú ọ̀nà Iwaraja lọ, wọ́n sì dé Odò-Ìrókò nígbà tí àwọn ọmọ ṣì wà ní ilé ìwé. Ọ̀gá ilé ìwé náà, Ìmísíolúwa, jẹ́ obìnrin tó fara balẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tán, ó gbọ́ ohùn tí Kàósárà gbà sílẹ̀, kò sì béèrè lẹ́tà lọ́wọ́ wọn. Ó ránṣẹ́ pe bíríkìlà kan nítòsí pé kó mú ọ̀pá irin gígùn bọ̀.

Bíríkìlà ki irin bọ ilẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Kò lọ ju orúnkún lọ tó fi kan òkúta. Ó ki í ní apá kejì, bákan náà. Àwọn ọmọ ń kọrin nínú kíláàsì. Ìmísíolúwa ní kó wọlé. Lẹ́bàá fèrèsé, lábẹ́ ẹní tí àwọn tó kéré jù jókòó lé, sìmẹ́ńtì ti ya díẹ̀, bí ìtẹ́lẹ̀ ilé ti máa ń ya. Wọ́n ká ẹní náà. Bíríkìlà gbẹ́ ojú ibẹ̀, ó ki irin bọ̀ ọ́, ó tì í. Irin náà lọ. Ó tún tì í, ó tún lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì rá. Gbogbo wọn dúró. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ọ nígbà tó kan omi.

Orin ti dákẹ́. Ìmísíolúwa rẹ́rìn-ín sí àwọn ọmọ. Ó ní kí wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n rọra rìn gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, àwọn fẹ́ lọ kọ orin tó kù lábẹ́ igi máńgòrò. Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Àdíját dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kà wọ́n bí wọ́n ti ń kọjá lára rẹ̀.

Lóde, Cecilia ń nu ojú rẹ̀. Àdíját sún mọ́ ọn, ó kúnlẹ̀, àgbàlagbà tó kúnlẹ̀ fún ọmọ. Cecilia fà á dìde kíá, torí kò yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kíá bákan náà.

“Mà, òbí àwọn ọmọ wọ̀nyí á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín,” ó wí. “Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi kò lè dúpẹ́. Ọdún mẹ́rin ni Màámi fi wí pé ó wà nínú ìwé, ẹ̀yin sì mọ ibi tí ìwé náà wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá sílé mi mọ́.”

Àdíját kò tún lọ síbẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ Phebe jáde síta ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ojú ewé mọ́kànlá pẹ̀lú àwòrán ṣọ́tìháńdì rẹ̀, bí ó ti dún lẹ́nu rẹ̀ àti bí ó ti jẹ́ ní Yorùbá tí gbogbo ènìyàn ń kọ. Àwọn ará Iléṣà dá sí i. Ẹnì kan tún ohùn ṣe lórí ọ̀rọ̀ kan, ẹlòmíràn ní òun kò gbà, wọ́n fà á títí wọ́n fi fẹnu kò. Àtúnṣe mẹ́tàlélógójì ni, orúkọ ẹni tó ṣe ìkọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀. Àdíját fúnra rẹ̀ ní kí Kàósárà fi ọ̀rọ̀ tòun sí abẹ́ ojú ewé kọkànlélọ́gọ́ta: Èmi ni mo tẹ ìlà yìí. Mo mọ̀ nígbà tí mo ń tẹ̀ ẹ́ pé kò pé. Àwọn kan bú u nítorí rẹ̀. Kò ní kí wọ́n yọ èébú wọn kúrò.

Ọ̀gbẹ́ni Jẹ̀lílì, tó ti di arúgbó, pè é lórí fóònù. “Àdíját, o tú àṣírí.”

“Sà,” ó wí, “àṣírí ta ni?” Ọ̀gbẹ́ni Jẹ̀lílì gbé fóònù kalẹ̀.

Àwọn kan wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba, wọ́n fi òkúta àti kọnkéré dí kànga náà, wọ́n wó kíláàsì, wọ́n lọ. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹ̀dà ìwé tó wà lọ́wọ́ tiwọn kò yí padà. Níbẹ̀, Phebe ṣì ń dúpẹ́. Nínú àwọn ìyá márùn-ún, méjì ló kù láyé. Ìmísíolúwa ló sọ fún Kàósárà pé wọ́n lọ sí ibojì Phebe pẹ̀lú ọkọ́, wọ́n ro koríko orí rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó páàdì wá. Akọ̀wé àtijọ́ ti pọ̀ nínú ibojì, àwọn ọmọ wọn ń rí ìwé tí kò sẹ́ni tó lè kà nínú àpótí, lórí àjà, lábẹ́ ibùsùn. Ìgbẹ́jọ́ ilẹ̀ ni, ìpàdé ìlú ni, ìwádìí tí kò sẹ́ni tó tún gbọ́ nípa rẹ̀. Àwọn tó lè ka àmì Tíṣà Amos kò ju mẹ́ta lọ mọ́, ojú ọ̀kan sì ti fọ́. Nítorí náà, gbogbo ọjọ́ Túsìdeè, Àdíját á gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá Òkè-Fìà yẹn. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ máa ń bi í bóyá kò rẹ̀ ẹ́. Kì í sọ fún wọn pé ẹ̀rù ń ba òun, pé kò sí páàdì tí òun ṣí tí òun kò kọ́kọ́ gbọ́ bí ẹnì kan ti ń mí nínú rẹ̀.

Ní Túsìdeè tó kọjá, ọkùnrin kan gbé àpò ìrẹsì kan tí páàdì kún inú rẹ̀ wá láti Iléṣà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, akọ̀wé tó ti kú, ló ni ín. Àdíját mú páàdì tó wà lókè, ó fẹ́ eruku kúrò lójú rẹ̀. Ó ní kí Kàósárà bá òun pa fèrèsé dé, ariwo ọ̀kadà ti pọ̀ jù nísàlẹ̀. Ó fi ìka sí ìlà àkọ́kọ́, ó ń wá bí yóò ti dún. Ọkùnrin ló ń sọ̀rọ̀ nínú páàdì náà, ó jọ pé ó ti dàgbà. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má tíì kọ orúkọ òun.